Fóònù àti ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́: bí ọ̀gá ṣe lè ṣòfin tí yóò dúró

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíè dé Under G, ibi iṣẹ́ tí fóònù kò tíì dá ìjà sílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀gá á ní àwọn ọmọṣẹ́ kì í gbójú kúrò lára TikTok. Àwọn ọmọṣẹ́ á ní ọ̀gá fúnra wọn ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tọ̀túntòsì ló ń sọ òótọ́, ìdí nìyẹn tí òfin "kẹ́nikẹ́ni má tẹ fóònù mọ́" kì í fi í pẹ́ kú.

Ṣé ó yẹ kí ọ̀gá ká ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́? Ó yẹ. Àmọ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ ni kí ẹ ṣòfin fún, kì í ṣe fóònù. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tó ń ka owó, kí fóònù kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá títí di àkókò ìsinmi. Ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp, kí ẹ fún un ní fóònù iṣẹ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, iṣẹ́ tó parí ni kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí.

1. Ẹ wá ibi tí òfò ti ń wọlé

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ lò ó fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, Ajé sí Àbámẹ́ta. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ máa kọ: aago mélòó ló lù, iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀, kí ni wọ́n ń fi fóònù ṣe (ìpè, WhatsApp, tàbí fídíò), àti kí ló bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Ìkẹrin yìí ló ṣe kókó jù. Bí oníbàárà bá dúró títí tó fi yíjú padà, ẹ kọ ọ́. Bí búrẹ́dì bá jóná, ẹ kọ iye rẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, ẹ kọ "kò sí".

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi parí, ẹ ó rí i pé òfò náà kì í ṣe oríṣi kan. Ẹni tó ń wo fídíò láti aago méjì ọ̀sán torí pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, òfin fóònù ò lè wo ìyẹn sàn. Iṣẹ́ ni kí ẹ wá fún un. Ẹni tó ya fọ́tò aláìsàn sórí status rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ló fi ṣe é, síbẹ̀ òun ló dá ọ̀ràn tó wúwo jù nínú ìwé yẹn. Bí ẹ bá fi ìyà kan náà jẹ àwọn méjèèjì, ẹ ti ṣi òfin lò.

2. Ẹ to iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀nà kìíní ni iṣẹ́ tí fóònù ò gbọdọ̀ sún mọ́. Ní ilé búrẹ́dì, ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun pípò, èyí tó ní irin róbótó méjì tó ń yí kojú ara wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ìyẹ̀fun náà sí àárín irin. Bí ojú bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ìka ló máa tẹ̀lé ìyẹ̀fun wọlé. Òfin tibẹ̀ ò ní àfi kankan: fóònù kì í wọ inú yàrá ẹ̀rọ, ti ọ̀gá náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Nídìí ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà, ara kọ́ ló kọ́kọ́ wà nínú ewu, ọjà ni. Ẹ̀rọ náà ń fa ọ̀rá láti ara róòlù, ó ń ká a pọ̀, ó ń da omi sí i, ó ń fi iná lẹ̀ ẹ́, ó sì ń gé e. Bí ọ̀rá bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú lílẹ̀ náà kò ní pa dé dáadáa, omi á máa jò. Ẹni tó tẹjú mọ́ ọn á rí i ní ẹyọ kejì tàbí ìkẹta. Ẹni tó ń wo fídíò kò ní mọ̀ títí ẹni tó ń kó o sínú àpò ní ogún-ogún á fi pariwo, ìgbà yẹn sì rèé, ọ̀rá, omi àti epo jẹnẹrétọ̀ ti lọ.

Iṣẹ́ ìlera náà wà ní ọ̀nà yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn àti ẹni tó ń ka ìwé dókítà ní kẹ́mísì kò gbọdọ̀ ní nǹkan mìíràn lójú. Yàtọ̀ sí àṣìṣe oògùn, ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀: National Health Act ti ọdún 2014 sọ ọ́ ní abala 26 pé gbogbo ohun tó kan ìlera ẹni àti ìtọ́jú tó gbà jẹ́ àṣírí, kódà pé ó wà ní ilé ìwòsàn náà rárá. Nítorí náà fọ́tò wọ́ọ̀dù tí ojú aláìsàn kan hàn lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe, ó ti rú òfin.

Awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà ń kọ́? Àjọ FRSC ka lílo fóònù nígbà tí ọkọ̀ ń rìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọjà dé lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa pè yín níbi tó bá ti dúró. Ẹ má máa pè é.

Ẹni tó ń gba owó ló ṣòro jù láti ṣòfin fún. Ó yẹ kí fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ibi tí èèyàn ti ń ka ₦500 mọ́ ₦1,000 ni ó ti ń ṣìnà. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń san owó nípa tiránsífà, alẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wọlé sí ibì kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń jẹ́ kí alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù ọ̀gá nílé, ni wọ́n bá ń dá oníbàárà dúró kí ọ̀gá tó gbé ìpè. Ẹ ra fóònù kan tí áàpù báńkì ilé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, tí kò ní WhatsApp, tí kò ní TikTok, kí ó wà lórí kàǹtà. Kí ẹni tó ń gba owó máa wo inú àkáǹtì ní áàpù kó tó gbé ọjà sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fọkàn tán àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà fi hàn án, torí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn tó kánjú.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ tí fóònù jẹ́ irinṣẹ́ fún: àwọn tó ń ta aṣọ àti bàtà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH, àwọn tó ń se oúnjẹ lórí oódà, àwọn tó ń tẹ báńà àti káàdì. Bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ tì.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ tábìlì: akọ̀wé, aṣírò owó, olùkọ́ tí kò sí ní kíláàsì. Ẹ sọ iye iṣẹ́ tí ẹ ń retí lóòjọ́. Bó bá pé, tí kò sì sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ má ṣọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ní kíláàsì, olùkọ́ wà ní ọ̀nà kìíní, yàtọ̀ sí ìgbà tí fóònù bá jẹ́ ohun tó fi ń kọ́ ọmọ. Kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ òbí kí wọ́n tó gbé fọ́tò ọmọ kankan sórí Facebook.

3. Fóònù iṣẹ́ fún àwọn tó ń tajà lórí ayélujára

Ibí yìí ni àìmọ̀ ti ń ná àwọn oníṣòwò lówó jù. Bí ọmọṣẹ́ bá ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ dá oníbàárà lóhùn, ọjọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ yín ló kó àwọn oníbàárà lọ, kò sì jalè, torí nọ́ńbà rẹ̀ ni. Ẹ tún ti fi ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n àti ìjọ àti oníbàárà sínú àpótí kan náà; bí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́, á kọjá lára status ogún kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ ra síìmù tuntun, kí ẹ fi NIN ti ẹni tó ni iṣẹ́ tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọmọṣẹ́. Ẹ gbé WhatsApp Business sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà àṣírí oní mẹ́fà síbẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì tiyín. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, ẹni tó bá rí síìmù yẹn gbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè gbé àkáǹtì náà lọ sórí fóònù mìíràn.

Kí fóònù náà wà ní ọ́fíìsì, kí àwọn ọmọṣẹ́ máa lò ó láti orí kọ̀ǹpútà nípa Linked devices. Ó gba ẹ̀rọ mẹ́rin yàtọ̀ sí fóònù fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣí ibẹ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí fóònù wà ní pípa ju ọjọ́ 14 lọ, torí gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn ni WhatsApp máa já kúrò.

Ẹ lo Away message fún àsìkò tí ṣọ́ọ̀bù ti tì, kí ọmọṣẹ́ má baà máa dáhùn lóru. Irú èyí tó: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń dáhùn, a ó kàn sí yín bí ilẹ̀ bá mọ́." Ẹ fi iye owó ọjà sínú Catalogue, kí ìbéèrè "èló ni?" lè dín kù. Lórí Facebook, ẹ̀yin ni kí ẹ di gbogbo àṣẹ ojú ewé náà mú. Àyè kíkọ ọ̀rọ̀ àti dídáhùn nìkan ni kí ẹ fún ọmọṣẹ́.

4. Àkókò ìsinmi, àpótí, àti fóònù olótọ́ọ̀ṣì

Labour Act, òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ ní abala 13 pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nítorí náà ẹ ò ṣe òṣìṣẹ́ lóore tí ẹ bá fún un láyè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ aago mẹ́jọ sí márùn-ún, ẹ lè fún wọn ní ìṣẹ́jú 15 ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú 45 ní aago kan ọ̀sán. Ní àwọn àsìkò yìí, ẹ má dá sí ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn Mùsùlùmí tó fẹ́ kí ìrun Ọ̀sán kì í fẹ́ kí ìsinmi bọ́ sí aago méjìlá. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fi àkókò sí i.

Ìdí tó lágbára jù tí òṣìṣẹ́ fi ń di fóònù mú ni ìbẹ̀rù: ọmọ wà níléèwé, màmá wà lórí ibùsùn. Bí ẹ ò bá yanjú èyí, wọ́n á máa fi fóònù pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ẹ ra fóònù olótọ́ọ̀ṣì kan, irú èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kó wà lọ́wọ́ alábòójútó, kí ó máa wà ní títàn nígbà gbogbo. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún iléèwé ọmọ rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n bá pè pé "ẹ bá wa pe Ìyá Tọ́pẹ́", kí alábòójútó pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má ṣe béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ bá a sọ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbà pé wọ́n dá ìpè ọmọ òun dúró ni òfin yín kú.

Fún àwọn tó wà ní ọ̀nà kìíní, ẹ kan àpótí onígi sára ògiri, kí ó ní ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù. Ẹ má kó fóònù wọn sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Bí ọ̀kan bá sọnù tàbí tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Ẹ jẹ́ kí iná dé inú àpótí náà: púpọ̀ nínú wọn kò ní iná nílé, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣájì. Ìgbà tí fóònù bá ń ṣájì nínú àpótí, àwọn fúnra wọn á fẹ́ kó wà níbẹ̀.

5. Wi-Fi

Dídí Facebook lórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ń dá owó dátà dúró, kò dá àkókò dúró. Òṣìṣẹ́ á tan dátà tirẹ̀. Ẹ ṣe é bí owó dátà bá ń dùn yín, kì í ṣe bí ẹ̀rọ tó máa mú wọn ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ wọ ojú ewé ráútà, kí ẹ wo ẹ̀rọ tó ń jẹ dátà jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣe update Windows fúnra rẹ̀ ni, tàbí WhatsApp tó ń fa gbogbo fídíò wọlé láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà ẹ pín Wi-Fi sí méjì, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà iṣẹ́, ọ̀kan fún àlejò, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

6. Ojú ewé kan ṣoṣo

Ẹ kọ òfin náà sí ojú ewé kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí:

"Ní yàrá ẹ̀rọ àti nídìí kàǹtà owó, fóònù ẹni máa wà nínú àpótí títí di àkókò ìsinmi. Ní àkókò ìsinmi, olúkúlùkù lómìnira. Fún pàjáwìrì, kí ará ilé pe nọ́ńbà fóònù olótọ́ọ̀ṣì. A kò gbọdọ̀ gbé fọ́tò oníbàárà, ìwé owó, tàbí inú yàrá ẹ̀rọ sórí ìkànnì kankan láìgba àṣẹ. Ẹni tí a yàn nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé iṣẹ́. Òfin yìí de ọ̀gá pẹ̀lú."

Ẹ kà á sókè fún wọn, ẹ gba ìbéèrè, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì, kí ó mú ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ fi kún ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí abala 7 ti Labour Act ní kí ẹ fún un kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ má kọ pé wọn ò gbọdọ̀ sọ èrò wọn lórí òṣèlú tàbí ẹ̀sìn lójú ewé tiwọn. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì wọ inú fóònù ẹni. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìpamọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, títí kan ìwé àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 tún fi òfin de bí a ṣe ń kó ìsọfúnni ẹlòmíràn jọ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, ẹ má ka WhatsApp wọn, ẹ má fi áàpù ìṣọ́ pamọ́ sínú fóònù wọn. Bí ẹ bá fẹ́ máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

7. Bí ẹnì kan bá rú u

Ẹ má gé owó oṣù. Àṣà "ẹni tó bá tẹ fóònù, ₦500" gbilẹ̀ púpọ̀, abala 5 ti Labour Act sì kọ̀ ọ́: agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Kódà bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí alábòójútó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí ẹni tó ṣẹ̀ sì jù ú lọ, kó má ṣe jágbe mọ́ ọn níwájú oníbàárà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti jọ fọwọ́ sí i pé fóònù máa wà nínú àpótí" ti tó. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ ìwé ìkìlọ̀ tó ní ọjọ́, aago àti ohun tó bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fún un ní kúẹ́rì, kí ó sì dáhùn lórí ìwé. Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ kí ó lọ, tí ìwé àdéhùn yín kò sọ iye ọjọ́, abala 11 sọ ọ́: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò aláìsàn àti àṣírí oníbàárà kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ fún un ní kúẹ́rì lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní kó yọ ọ́ kúrò.

8. Lẹ́yìn oṣù kan

Ẹ tún gbé ìwé kékeré yẹn jáde fún ọjọ́ mẹ́fà, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́. Bí òfò kò bá dín kù, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́: ọ̀gá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ń bínú pé wọn ò tètè dáhùn, lẹ́yìn náà ó ń bínú pé wọ́n ń wo fóònù. Ẹ gbé pátákó funfun sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, kí iṣẹ́ òòjọ́ wà lórí rẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ. Ohun tó bá yọjú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe fóònù olótọ́ọ̀ṣì. Kí gúrúùpù wà fún ìkéde lásán, ẹ wọ ètò gúrúùpù náà kí admin nìkan lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ má sì retí èsì lẹ́yìn aago márùn-ún.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni òfò ti ń wá, ẹ bi í bóyá iṣẹ́ yẹn bá a mu kí ẹ tó bi í nípa fóònù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́ ti ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà fún wákàtí mẹ́rin lè wúlò gan-an lórí mọ́tò tó ń gbé omi lọ sí Wàsó; ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún ka ìwé náà.